John Small

John Small (1737–1826) jẹ́ aránbàtà tó di agbẹ́gi kírikẹ́ẹ̀tì (eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù), àti ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Hambledon, ẹgbẹ́ abúlé kan ní Hampshire, gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Empshott ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1737, ṣùgbọ́n Petersfield ló fi ṣe ilé.

Orí pápá Broadhalfpenny Down ni ẹgbẹ́ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ àìmọye ìgbà ni wọ́n lu àwọn ọ̀gá tí wọ́n ṣà jọ láti ibi gbogbo nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Small ṣì kéré, ńṣe ni wọ́n máa ń yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀, igi tí wọ́n fi ń gbá a sì tẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó ta lẹ́ẹ̀kan kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gbá a. Igi títẹ̀ kò wúlò mọ́. Small wà lára àwọn tí wọ́n gbà pé ó kọ́kọ́ gbẹ́ igi gbọọrọ, ó sì fi í dáàbò bo wíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa, ìyẹn àwọn igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sẹ́yìn agbábọ́ọ̀lù; tí bọ́ọ̀lù bá lù wọ́n, ó jáde nìyẹn. Ọwọ́ tó ti mọ awọ àti abẹ́rẹ́ bàtà náà ló fi ń rán bọ́ọ̀lù tà.

Ní 1771, Thomas White, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ alátakò, gbé igi tó fẹ̀ tó wíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ wá pàdé Hambledon. Small, Richard Nyren àti Thomas Brett, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Hambledon, fọwọ́ sí ìwé pé igi kankan kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju íǹṣì 4¼ lọ. Òfin yẹn ṣì wà títí dòní.

Ìdíje tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ jù lọ ni ti ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1775, ní pápá Artillery Ground ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹni márùn-ún láti Hambledon ti kojú márùn-ún láti Kent. Ó ku rọ́ọ̀nù 14 (àmì ayò tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń sáré gbà) kí Hambledon borí, Small nìkan ló sì kù. Igi méjì péré ni wíkẹ́ẹ̀tì ní nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bọ́ọ̀lù Edward Stevens, tí wọ́n ń pè ní Lumpy, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Kent, gba àárín igi méjèèjì kọjá láìkan èyíkéyìí. Small gba rọ́ọ̀nù náà pé. Gbogbo ènìyàn rí i pé wọ́n rẹ́ Stevens jẹ, èyí ló sì bí igi kẹta. Ní oṣù Keje ọdún náà, Small gba rọ́ọ̀nù 136 lójú ẹgbẹ́ Surrey. Ó tún mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn sáré lórí bọ́ọ̀lù tí kò lọ jìnnà.

Orin ni ohun mìíràn tó fẹ́ràn gan-an. Ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Petersfield, ó ń ta fayolíìnì, ó sì fúnra rẹ̀ kọ́ fayolíìnì ńlá olóhùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí Duke ti Dorset, ọ̀tọ̀kùlú kan, gbọ́, ó fi fayolíìnì rere kan ránṣẹ́ sí i, ó sì san owó ẹrù rẹ̀. Small náà fi igi kírikẹ́ẹ̀tì méjì àti bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ padà, òun náà sì sanwó ẹrù. John Nyren, ọmọ Richard, sọ pé nígbà tí Small ń gba oko kan kọjá lọ síbi orin, akọ màlúù kan dojú kọ ọ́; ó dúró, ó ta ohun èlò rẹ̀, ẹranko náà sì rọlẹ̀.

Ọmọ rẹ̀, tó ń jẹ́ John bíi tirẹ̀, náà di agbábọ́ọ̀lù. Small kú ní Petersfield ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1826, ní ọmọ ọdún 89.