Bí Ìrora Abẹ́ Tó Ti Pẹ́ Lára Obìnrin Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Bí abẹ́ bá ń ta obìnrin ní Ìlọrin, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Kẹ́míìsì tó wà létí ọjà Ìpàta á ní ibẹ̀ ló ti kó àrùn, á sì ka kápúsù lé e lọ́wọ́. Alágbo náà ní tirẹ̀ nínú ìgò. Ká sòótọ́, ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì kì í sábà kó àrùn ran ojú ara ẹnikẹ́ni. Èyí tó burú jù ni pé bí ìrora náà bá padà, oògùn apakòkòrò mìíràn tó le ju ti àkọ́kọ́ ni wọ́n á tún gbé fún un, láìṣe àyẹ̀wò kankan. Apakòkòrò tí èèyàn ń lò léraléra máa ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ojú ara, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì ráyè gbilẹ̀. Ìyún á wá kún ìrora.

Ọ̀pọ̀ ìrora abẹ́ tó ti pẹ́ ni kò ní kòkòrò nínú mọ́, òmíràn ò sì ní in rí. Bí ẹnu ọ̀nà ojú ara bá ti ń ro obìnrin fún oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyẹ̀wò ò sì rí ohun tó fà á, vulvodynia ni àwọn dókítà ń pè é. Ti ìsàlẹ̀ ikùn àti ìbàdí, oṣù 6 ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Pé àyẹ̀wò ò rí nǹkan kan kò túmọ̀ sí pé obìnrin náà ń parọ́, tàbí pé ó ń sá fún ọkọ rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nǹkan kan lè kọ́kọ́ dá ìrora sílẹ̀: fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń padà wá, ojú ara tí wọ́n rán lẹ́yìn ìbímọ, ọṣẹ tó ń jóni, tàbí nǹkan oṣù tó ń dunni ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá pẹ́, iṣan ìmọ̀lára tó ń gbé ìròyìn láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ á di èyí tí nǹkan kékeré ń tètè ta jí. Ó dà bí ajá tí olè ti wọlé rẹ̀ rí, tó wá ń gbó ewé tó bá já. Àpò ìtọ̀, ìfun àti ilé ọmọ jọ ń rán ìròyìn gba ọ̀nà kan náà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí ìrora ilé ọmọ fi lè di ìtọ̀ tó ń ta, tàbí ìgbẹ́ tó ń dunni. Obìnrin náà á máa sọ pé gbogbo abẹ́ ikùn òun ló ń ro òun, àwọn èèyàn á sì rò pé ó ń ṣàsọdùn.

Àwọn iṣan ẹran tó tẹ́ láti egungun iwájú abẹ́ lọ sí ìparí egungun ẹ̀yìn, tó gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìdí dúró, náà máa ń dá sí i. Bí ara bá ti ń retí ìrora, wọ́n á le gandi. Iṣan tó bá le bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ á máa ro fúnra rẹ̀, ìtọ̀ ò ní jáde tán, ìbálòpọ̀ á sì di ìjìyà. Nígbà náà, bí ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ti lọ pàápàá, ìrora kò ní lọ.

Síbẹ̀, àwọn àìsàn kan wà tí a gbọ́dọ̀ wá kí a tó dé orí iṣan. Endometriosis ni a máa ń fojú fò jù, nínú èyí tí ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ ń hù síta ilé ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ tó ní in. Ẹ̀wẹ̀, ọmọbìnrin tó bá ń dùbúlẹ̀ lóṣooṣù ni wọ́n ń sọ fún pé tó bá bímọ, á lọ. Sìkáànù tó bá dára kò fi hàn pé kò sí i. Àtọ̀sí àti chlamydia, tí wọ́n jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀, lè fi àpá sí ọ̀nà ẹyin. Fáíbírọ́ọ̀dù, ìyẹn kókó inú ilé ọmọ, lè tẹ inú. Awọ ojú ara lè funfun kí ó sì fẹ́lẹ́ nítorí àìsàn awọ tí wọ́n ń pè ní lichen sclerosus. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá, tàbí nígbà tí ìyá ń fọ́mọ lọ́mú, ibẹ̀ lè gbẹ.

Àpá ìdábẹ́ ńkọ́? Wọ́n ti ń ṣe é fún ọmọbìnrin ní Kwara tipẹ́. Òfin VAPP ti ìjọba àpapọ̀ ní 2015, èyí tó lòdì sí ìwà ipá sí èèyàn, kà á léèwọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti ṣe fún ṣì wà láàárín wa. Kókó ìmọ̀lára lè dì sínú àpá náà, tàbí kí omi tàbí ọ̀rá sé síbẹ̀, kí ó máa dùn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Kì í ṣe ẹ̀sùn sí ìyá tàbí ìyá àgbà, àlàyé ni.

Ní ọsibítù, ìbéèrè ló pọ̀ jù: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ibo gan-an, kí ló ń mú un le. Dókítà á fi òwú fọwọ́ ba ẹnu ọ̀nà ojú ara lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yí aago ká, láti mọ ojú ibi tó ń dùn. Wọ́n á yẹ ìtọ̀ àti omi ojú ara wò. Obìnrin lè ní dókítà obìnrin lòun fẹ́, tàbí kí ó mú arábìnrin rẹ̀ wọlé. Láti Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí lè kọ ìwé rán an lọ sí UITH, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìlọrin.

Ìtọ́jú ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná owó. Ẹ dá Dettol, Izal, álọ́ọ̀mù, ọṣẹ olóòórùn àti kayan mata dúró. Omi lásán láti inú bútà àlùwàlá ti tó fún ìta. Inú ń fọ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá rí àìsàn kan, wọ́n á tọ́jú rẹ̀: oògùn họ́móònù fún endometriosis, ìpara ẹsitirójìn fún gbígbẹ, apakòkòrò fún àrùn tí àyẹ̀wò fi hàn, tí wọ́n á sì tọ́jú ọkọ náà bó bá jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀. Ìpara clobetasol ni wọ́n sábà máa ń lò fún lichen sclerosus, oògùn kan náà tí àwọn kan ń fi bóra, kí èyí má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á lọ́jà fúnra rẹ̀.

Fún iṣan ìmọ̀lára, dókítà lè kọ lidocaine, oògùn tó ń mú ara kú tipiri, tí wọ́n ń fi ra ibi tó ń dùn, tàbí amitriptyline díẹ̀ lálẹ́. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni ìwé inú páálí amitriptyline á pè é, ẹbí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé orí ló ń yọ obìnrin náà lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ń mú kí iṣan ìmọ̀lára tó ń gbé ìrora rọlẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló sì ń gbà kó tó hàn.

Àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìmáralé tọ́jú iṣan, ni ọ̀pọ̀ kì í rántí. Wọ́n ń kọ́ obìnrin láti mí sínú ikùn, láti tú iṣan abẹ́ sílẹ̀, àti láti máa fi ọwọ́ tàbí ohun èlò kékeré jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà náà mọ́ra ní díẹ̀díẹ̀, ìgbà tó bá fẹ́. Eré ìmáralé tí wọ́n ń ní kí èèyàn fún abẹ́ pọ̀ tí wọ́n ń fi kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ lè mú un burú, torí iṣan náà ti le tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ abẹ fún ẹnu ọ̀nà ojú ara ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí, fún ẹni díẹ̀. Oṣù ni a ń fi ka ìtọ́jú náà, kì í ṣe ọjọ́.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kó dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: ibà pẹ̀lú ìrora ìsàlẹ̀ ikùn, ìrora òjijì fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti kọjá ìgbà, ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá, egbò tàbí kókó ní ojú ara tí kò san.