Bí ráútà ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá fúnra rẹ̀

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn lọ́dún 1892, Ìjẹ̀bú ló ń ṣọ́ ọ̀nà tí ọjà ń gbà láti etí ọ̀sà lọ sókè. Bí wọ́n bá fẹ́ dí ọ̀nà, ẹnubodè ni wọ́n ti ń dí i. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò lónìí.

Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní sáfà mẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà tó sì ń dá àwọn tó bá béèrè lóhùn. Láago méjì òru, kọ̀ǹpútà kan láti òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dán pásíwọ́ọ̀dù wò lára sáfà èsì ìdánwò. Ètò kan tó ń jẹ́ Fail2ban wà lórí sáfà náà: ó ń ka àkọsílẹ̀ àwọn tó ń kànlẹ̀kùn, ó ń ṣírò iye ìgbà tí àdírẹ́sì kan, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣi pásíwọ́ọ̀dù. Bó bá kọjá òṣùwọ̀n, ó tilẹ̀kùn. Ó dára, ṣùgbọ́n sáfà yẹn nìkan ló mọ̀. Ọ̀tá á kàn yà sí ti ilé ìkàwé ni.

Ibí ni BGP ti wúlò. Èdè tí àwọn ráútà, ẹ̀rọ tó ń darí dátà láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn, fi ń júwe ọ̀nà fún ara wọn ni, láti 1989. Ètò kan tó ń jẹ́ ExaBGP lè sọ èdè náà láìjẹ́ ráútà. Fail2ban á fa àdírẹ́sì ọ̀tá lé e lọ́wọ́, òun á sì kéde fún gbogbo ráútà ẹnubodè pé: àdírẹ́sì yìí, /32, ìyẹn ojúlé kan ṣoṣo, 192.0.2.1 ni kí ẹ gbà débẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé ní 192.0.2.1, àdírẹ́sì àpẹẹrẹ inú ìwé ni. Ráútà kọ̀ọ̀kan sì ti gba àṣẹ tẹ́lẹ̀ pé ohun tó bá forí lé ibẹ̀, kí ó jù ú sí Null0, kòtò tí nǹkan kì í ti í padà bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń ṣi èyí tó kàn yìí lóye. Ibi tí ìdì dátà ń lọ ni ráútà máa ń wò, kì í wo ibi tó ti wá. Ọ̀nà tí a dí yìí, ìdáhùn tí sáfà ń fọ̀ sí ọ̀tá nìkan ló ń gbé mì. Ìyẹn tó láti ba ìdánwò pásíwọ́ọ̀dù jẹ́, torí ẹni tí kò gbọ́ ìdáhùn kò lè bá ọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ṣe ni dátà ń ya wọlé bí àgbàrá, á ṣì máa ya wọlé. uRPF ló ń parí iṣẹ́ náà: ráútà á wo ẹni tó rán dátà, á bi ara rẹ̀ pé, bí mo bá fẹ́ dá eléyìí lóhùn, ṣé mo ní ọ̀nà gidi? Bó bá jẹ́ Null0 ló rí, dátà náà kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà.

Bí ọ̀tá bá ń parọ́ àdírẹ́sì, kò sí ẹni tí a máa dí ọ̀nà mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ á wá fi àmì 65535:666 sára ìkéde àdírẹ́sì sáfà rẹ̀ tí ọ̀tá ń kọlù, kí ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un da gbogbo ohun tó ń bọ̀ síbẹ̀ nù kó tó dé Ìjẹ̀bú. Sáfà yẹn á parẹ́ lójú ayé, ohun tí ọ̀tá ń fẹ́ gan-an nìyẹn, ó sì dunni. Àwọn márùn-ún yòókù ló máa rí ààyè mí.

Ẹ̀rọ tó ń dí ọ̀nà fúnra rẹ̀ lè dí i mọ́ ọmọ ilé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo dátà fóònù ní Nàìjíríà ló ń pín àdírẹ́sì kan lò. Bí a bá dí i nítorí ẹnì kan tó gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, akẹ́kọ̀ọ́ láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ṣàgámù lè má rí èsì wọn. Nítorí náà, wákàtí kan ti tó fún ìdènà, àwọn àdírẹ́sì tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkéde náà kò sì gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ọgbà. Àmì no-export ló ń sé e mọ́lé. Ní 24 February 2008, Pakistan Telecom fẹ́ dí YouTube mọ́ àwọn ará Pakistan nìkan. Ìkéde wọn jò síta, ráútà káàkiri ayé gbà á gbọ́, YouTube sì dákú fún nǹkan bíi wákàtí méjì.

Bí kọ̀ǹpútà tí ExaBGP wà lórí rẹ̀ bá kú lójijì ńkọ́? Àwọn ráútà á dúró dè é díẹ̀, 90 ìṣẹ́jú àáyá ni RFC 4271, ìwé ìlànà BGP, dá lábàá, lẹ́yìn náà wọ́n á pa gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rẹ́, gbogbo ẹnubodè á sì ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí méjì wà, lórí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.