Owó ọjọ́ kan náà ni, nọ́ọ̀sì ìbáà wá, ìbáà má wá

Gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ títí tó fi sú mi: "Ọ̀lẹ ni nọ́ọ̀sì hospice yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ló ń wá wo màmá wa, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìgbà tó bá wá ni wọ́n ń gbowó lé e lórí." Apá kìíní lè jẹ́ òótọ́, kò síṣẹ́ tí kò ní ọ̀lẹ tirẹ̀. Apá kejì ni kì í ṣòótọ́, òun ló sì jẹ́ kí àwọn èèyàn máa gba apá kìíní gbọ́ láìbéèrè ohunkóhun.

Amẹ́ríkà ni mò ń sọ, níbi tí hospice, ìyẹn ìtọ́jú ẹni tí ikú ti sún mọ́, ti di òwò ńlá. Pé ó ti di òwò, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìyẹn. Nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn hospice tó wà níbẹ̀ ló ń wá èrè. Ilé-iṣẹ́ Chemed tó ni VITAS, ọ̀kan nínú àwọn hospice tó tóbi jù, òun náà ló ni Roto-Rooter, àwọn tí ń la páìpù omi ìdọ̀tí tó bá dí. N kò ṣàwàdà.

Medicare, ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún àwọn àgbà, ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Láti 1983 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í san án, ọjọ́ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka àbẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ibí yìí gan-an ni ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ti ń yọ̀: bí orúkọ aláìsàn bá ti wà nínú ìwé hospice lónìí, owó òní ti wọlé nìyẹn. Nọ́ọ̀sì wá o, kò wá o. Ẹni tí ń wẹ̀ ẹ́ wá o, kò wá o. Ní ọdún ìṣúná 2024, nǹkan bíi dọ́là 218 ni iye náà lójúmọ́ fún ẹni tí wọ́n ń tọ́jú nílé, fún 60 ọjọ́ àkọ́kọ́; lẹ́yìn ìyẹn, ó di nǹkan bíi 172. Inú owó yìí ni owó oṣù nọ́ọ̀sì, oògùn ìrora, bẹ́ẹ̀dì, ọ́síjìn àti epo ọkọ̀ ti ń jáde. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ti ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ni.

Ẹ wá wo ohun tí àbẹ̀wò dà nínú ìṣirò yìí. Níbi tí wọ́n ti ń sanwó àbẹ̀wò, àbẹ̀wò ló ń mówó wọlé. Níbí, òun ló ń kó owó jáde. Nọ́ọ̀sì tó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ná ọ̀gá rẹ̀ lówó ju ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀kan, kọ́bọ̀ kò sì lé sí ohun tí Medicare san. Ẹ̀yin tí ẹ ní torí owó ni nọ́ọ̀sì ṣe ń wá, ẹ ti dorí ìṣirò náà kodò.

Ìgbà gbogbo lẹ́nì kan á dìde: "Mo gbọ́ pé àfikún wà." Ó wà. Láti 2016 ni wọ́n ti ń san nǹkan lé e fún ọjọ́ méje tó kẹ́yìn ayé aláìsàn, kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ lójúmọ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ kíkún tàbí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ló lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ń wẹ aláìsàn, tí ń yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa di egbò, kò sí nínú rẹ̀. Ta ló sì mọ ọjọ́ méje tó kẹ́yìn kó tó kẹ́yìn? Ìtọ́jú pàjáwìrì náà wà, wákàtí ni wọ́n fi ń san ìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ tó wákàtí mẹ́jọ láàárín wákàtí 24. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ọjọ́ hospice 100, ọjọ́ tó jẹ́ owó ojúmọ́ lásán kò dín ní 98. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹjọ́ rẹ̀ lé méjì tó kù, ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ hospice a máa wúwo níbẹ̀rẹ̀, a tún wúwo lópin. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba aláìsàn wọlé, ìwé ń bẹ láti kọ, oògùn ń bẹ láti tò, ẹbí ń béèrè ìbéèrè. Nígbà tí ẹ̀mí bá ń lọ, fóònù kì í sinmi. Àárín ló rọrùn. Nítorí náà, aláìsàn tó kú lọ́jọ́ karùn-ún, àdánù ni. Ẹni tó lo oṣù mẹ́jọ láìsí wàhálà ni ọjà tó tà. Jẹjẹrẹ sábà máa ń yára, àrùn ìgbàgbé tí ń bá àgbà jà lè fà gùn. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní 2011 rí i pé aláìsàn ìgbàgbé pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn hospice tó ń wá èrè ju ọ̀dọ̀ àwọn tí kò wá a lọ, ó sì rí i pé àwọn aláìsàn náà ń gba àbẹ̀wò nọ́ọ̀sì lójúmọ́ tó kéré sí ti ẹni tó ní jẹjẹrẹ. Ṣé ó wá yẹ kí ìyẹn yani lẹ́nu?

Orí òṣìṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń já lé. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò sọ iye aláìsàn tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n tún ètò ìtọ́jú yẹ̀ wò, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 15 síra, kí nọ́ọ̀sì sì yọjú lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 14 láti wo iṣẹ́ ẹni tí ń wẹ aláìsàn. Ọ̀gá lè fi aláìsàn mẹ́ta kún ti nọ́ọ̀sì láàárọ̀ Mọ́ńdè láìrú òfin kankan. Nọ́ọ̀sì ọ̀hún á wakọ̀ láti ilé dé ilé, á sì fi òru kọ àkọsílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó pè é ní ọ̀lẹ.

Kálàmù nọ́ọ̀sì náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò yìí. Dókítà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé bí àìsàn bá ń lọ bó ṣe ń lọ, aláìsàn kò ní ju oṣù mẹ́fà lọ. Lẹ́yìn sáà ọjọ́ 90 méjì, ọjọ́ 60 síra ni wọ́n ń tún ẹ̀rí náà ṣe. Bí bàbá arúgbó bá wá ń jẹun dáadáa, tó ń sanra, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wò lójú pé kí ló fẹ́ kọ. Ní 2017, Chemed àti VITAS san dọ́là mílíọ̀nù 75 láti fi parí ẹjọ́ kan tí ìjọba ti fi ẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n gbowó lórí ẹni tí kò tọ́ sí hospice, àti pé wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ ní owó ìwúrí nítorí iye aláìsàn. Ẹ̀sùn ni o, ilé ẹjọ́ kò dá wọn lẹ́bi.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ àánú ni hospice nígbà tí Cicely Saunders, dókítà tó bẹ̀rẹ̀ hospice òde òní, ṣí tirẹ̀ ní London ní 1967, àpá rẹ̀ sì kù nínú òfin Medicare: ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí ìtọ́jú, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tí kò gbowó. Òfin náà kò yọ ilé-iṣẹ́ tó ní ìpín lójà ìdókòwò New York sílẹ̀. Ìyá àgbà kan ń di aláìsàn lọ́wọ́ mú lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn onípìn-ín ń pín èrè.

Ṣé èrè ló wá fa gbogbo rẹ̀? N kò lè búra. Owó ojúmọ́ kan náà ni Medicare ń san fún hospice tí ìjọ Ọlọ́run dá sílẹ̀, àwọn náà sì mọ ìṣirò. Àwọn kan tó ń wá èrè ń ṣe dáadáa. Ó lè jẹ́ ọ̀nà ìsanwó ni baba ẹ̀ṣẹ̀, tí àwọn olówó wulẹ̀ jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ kà á yé.

Síbẹ̀, ẹ má tọwọ́ bọ̀wé kẹ́ ẹ tó béèrè iye aláìsàn tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yín. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn lẹ́yìn tẹ́ ẹ wọlé, ẹ lè pààrọ̀ hospice lẹ́ẹ̀kan nínú sáà kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè jáde kúrò nínú rẹ̀ pátápátá nígbàkigbà. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà, ẹ má kọ àbẹ̀wò tí ẹ kò lọ sílẹ̀, bó ti wù kí ọ̀gá tẹ̀ yín tó. Orúkọ yín ló wà lórí ìwé náà, kì í ṣe ti onípìn-ín. Ẹ sì béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní aago méjì òru ọjọ́ Sátidé. Bí wọ́n bá ní, "Ẹnì kan á pè yín padà," ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ẹni tí yóò wọ ọkọ̀.