Àtẹ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, source wo ni wọ́n tún ń bèèrè?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, supervisor project mi fi báírò pupa yí Table 4.2 mi ká, ó kọ "source?" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Èmi ni mo pín questionnaire o, èmi náà ni mo jókòó kà á níkọ̀ọ̀kan, ta ni kí n wá dárúkọ?

Ìdáhùn: Ara ẹ náà ni. Kọ "Source: Field Survey, 2024" sábẹ́ àtẹ yẹn, tó bá jẹ́ 2024 lo pín in. Ẹni tó ń kà á ò sí níbẹ̀ nígbà tó ò ń pín in, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé o ò kó o nínú ìwé ẹlòmíì?

Ìbéèrè: Tí mo bá mú iye lọ́dọ̀ National Bureau of Statistics, àmọ́ tó jẹ́ èmi ni mo fi Excel ya chart ẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Yíyà lo yà á, ìwọ kọ́ lo ni iye. Dárúkọ wọn àti ọdún tí wọ́n gbé e jáde, kó o wá fi kún un pé ìwọ lo yà á. Tó bá jẹ́ àwòrán ẹlòmíì lo tún ṣe, "Adapted from" là ń kọ. Jọ̀ọ́, má kọ "Source: Google" o! Google ò ya nǹkan kan, ó kàn júwe ilé ẹni tó yà á fún ẹ ni, tẹ̀ ẹ́ kó o dé ojúlé yẹn.

Ìbéèrè: Àkọlé wá ńkọ́, òkè àbí ìsàlẹ̀?

Ìdáhùn: Ti àtẹ, òkè. Àwòrán ló ní wàhálà. Ó dọwọ́ ìlànà ìkọ̀wé tí wọ́n ní kó o tẹ̀ lé: IEEE àti MLA, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fi sí. APA náà, ìsàlẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí ẹ̀dà keje ìwé ìlànà wọn jáde ní 2019 tí wọ́n gbé e lọ sókè, nọ́ńbà ní bold, àkọlé ní italics lábẹ́ ẹ̀. Torí ẹ̀ ni project àtijọ́ tó ò ń wò kọ ò fi bá ohun tí wọ́n ní kó o ṣe mu.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fọwọ́ tẹ nọ́ńbà wọn?

Ìdáhùn: Rárá o. Insert Caption wà nínú Word, lábẹ́ References, Cross-reference náà wà níbẹ̀, tó o bá ti yọ àtẹ kan, Ctrl+A, F9, gbogbo nọ́ńbà á tò padà. Èmi fọwọ́ tẹ tèmi, wọ́n ní kí n yọ àtẹ kan, mo yọ ọ́, mo tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀ lóru, ọjọ́ defence, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé Table 4.9 tí mo ní kí wọ́n wò dà, bẹ́ẹ̀ 4.8 ni mo parí sí.