Ìwà Rere Gíwá Nìkan Kò Lè Tún Fásitì Ṣe

Nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ yan gíwá tuntun, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ, láti Yaba títí dé Ọ̀jọ́, ni pé bí wọ́n bá ti lè rí olùbẹ̀rù Ọlọ́run tí kì í gba rìbá, gbogbo ìpinnu fásitì náà ni yóò tọ́. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ó sì ń ṣe wá níbi.

Gíwá tí àánú ọmọ opó kan ṣe, tó sì ní kí wọ́n gbà á wọlé bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì rẹ̀ kò tó, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ó ti gba àyè lọ́wọ́ ọmọ mìíràn tí máàkì rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí kò mọ ẹnikẹ́ni tó lè bá a dé ọ́fíìsì gíwá. Ìdí nìyí tí ìlànà fi pín àyè ìgbaniwọlé sí fásitì ìjọba àpapọ̀: ìdá 45 nínú 100 fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, ìdá 35 fún ọmọ àwọn ìpínlẹ̀ tó yí fásitì náà ká, àti ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀ sí.

Gíwá kọ́ ló sì ń dá ìpinnu ṣe. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ fásitì wà, sẹ́néètì fásitì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́, náà wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ìgbìmọ̀ aláṣẹ Fásitì Èkó ní Akọka yọ gíwá nípò lórí ẹ̀sùn ìnáwó, ṣùgbọ́n sẹ́néètì fàáké kọ́rí. Ìgbìmọ̀ olùbẹ̀wò tí ìjọba àpapọ̀ gbé dìde rí i pé ìgbìmọ̀ aláṣẹ kò tẹ̀lé ìlànà òfin. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, gíwá padà sípò, ìjọba sì tú ìgbìmọ̀ aláṣẹ náà ká. Kì í ṣe pé mo ń dá ẹnikẹ́ni láre lórí ẹ̀sùn náà. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ì báà jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kí òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ máa bi àwọn olórí fásitì. Ṣé ẹni tí ọ̀rọ̀ kan ìbátan rẹ̀ dìde kúrò níbi ìpàdé? Ṣé wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn? Ṣé wọ́n kọ ìdí ìpinnu náà sílẹ̀, kí gíwá tí yóò dé lẹ́yìn ọdún 5 lè rí i kà?