Kí Ló Dé Tí Ètò Kọ̀ǹpútà Tó Yege Nínú Ìdánwò Fi Ń Ṣìṣe Lẹ́yìn Náà?

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ wa kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ní thread púpọ̀, ìyẹn ni pé iṣẹ́ oríṣiríṣi ń lọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yege nínú gbogbo ìdánwò, síbẹ̀ iye tó ń kà máa ń dín nígbà mìíràn. Níbo ni àṣìṣe náà wà?

Ìdáhùn: Ẹ wo ìlà tó ń fi 1 kún iye náà. Lójú ẹni tó kọ ọ́, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń gbé: yóò ka iye tó wà nílẹ̀, yóò fi 1 kún un, yóò sì kọ èsì padà. Bí thread méjì bá jọ ka 41, àwọn méjèèjì ni yóò kọ 42 padà dípò 43, iṣẹ́ ọ̀kan yóò sì ṣòfò láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ó ṣòro fún ìdánwò láti rí i, nítorí pé àsìkò tí thread méjì fi lè kọlu ara wọn báyìí kéré gan-an sí ìṣẹ́jú àáyá kan. Kódà, ìlà tí ẹ bá fi kún kóòdù láti fi wá a lè mú un pòórá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti gba ẹ̀mí rí. Láàárín 1985 sí 1987, Therac-25, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tan ìtànṣán tó kọjá ìwọ̀n sí ara aláìsàn mẹ́fà, àwọn kan sì kú. Lára ohun tó fà á ni pé òṣìṣẹ́ tó yára tẹ bọ́tìnnì lè tún àṣẹ ṣe láìjẹ́ pé apá ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń to ẹ̀rọ mọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí a kúkú fi lock sí ibi gbogbo, kí thread kan ṣoṣo máa wọlé lẹ́ẹ̀kan?

Ìdáhùn: Rárá. Bí thread kan bá di lock kìíní mú tó ń dúró de èkejì, tí òmíràn sì di èkejì mú tó ń dúró de kìíní, kò sí èyí tí yóò kúrò lójú kan. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí lock tí gbogbo thread yóò máa kọ́kọ́ mú. Lójú tèmi, ó sàn jù kí ohun tí àwọn thread ń pín lò dínkù, nítorí dátà tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà kò nílò lock rárá. Ní ti èyí tó kù, ẹ kọ orúkọ lock tó ń ṣọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú kóòdù, kí ẹ sì máa fi ìyípadà ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lè ráyè béèrè lórí ìlà kọ̀ọ̀kan pé, «Ta ló tún lè fọwọ́ kan èyí nísinsìnyí?»