Bí Ẹgbẹ́ Jáàsì Ẹlẹ́ni Márùn-ún Ṣe Di Koola Lobitos l'Ékòó

London ni Fela Ransome-Kuti ti kọ́kọ́ lo orúkọ Koola Lobitos fún ẹgbẹ́ orin rẹ̀, nígbà tó ń kọ́ orin ní Trinity College. Àmọ́ nígbà tó padà sí Èkó ní 1963, jáàsì pọ́ńbélé ló fẹ́ máa ṣe. Ó rí iṣẹ́ nílé iṣẹ́ rédíò NBC, ó kó ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún jọ, òun ló ń fọn trumpet. Benson Idonije, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó mọ jáàsì dunjú, ni máníjà wọn.

Ní 1964 ni Tony Allen, onídírọ́ọ̀mù, dé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ọmọ Èkó ni, ó ti bá Victor Olaiya, olórin háílàìfù, ṣiṣẹ́ rí. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ onídírọ́ọ̀mù háílàìfù ò ka hi-hat sí, ìyẹn irin pẹlẹbẹ méjì tí ẹsẹ̀ òsì ń pa dé. Allen ka ohun tí Max Roach, onídírọ́ọ̀mù jáàsì ará Amẹ́ríkà, kọ nípa hi-hat, ó sì jókòó tì í títí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi ń dá sọ̀rọ̀: ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí ìlù ńlá, ọwọ́ òsì lórí snare (ìlù kékeré), ọwọ́ ọ̀tún lórí cymbal (irin pẹlẹbẹ tí igi ń lù), kò sí èyí tó ń tẹ̀ lé ìkejì gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n ijó ni ará Èkó ń bá wá sóde alẹ́, jáàsì lásán ò sì pa owó. Nígbà tó di 1965, Fela ti fi afọnfèrè kún ẹgbẹ́, ó po háílàìfù mọ́ ọn, ó sì gbé orúkọ àtijọ́ padà. Kakadu Club ní Yábàá ni wọ́n ti ń ṣeré.

Gbígba irú orin bẹ́ẹ̀ sórí àwo kékeré 45 le. Ojú kan ò fẹ́ ju bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bó bá gùn jù, ilà inú àwo á fún pọ̀, wọn ò ní lè gé e jìn, ohùn á lọ sílẹ̀, ariwo abẹ́rẹ́ á sì gbòde. Nítorí náà, fèrè tó yẹ kó dá rìn jìnnà gbọ́dọ̀ tètè padà sílé. Níbi tí téèpù ò bá ti ní ju ojú ọ̀nà (track, àyè tí wọ́n ń gba ohùn sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) kan tàbí méjì lọ, gbogbo wọn ló ń lu papọ̀ nínú yàrá kan: ẹnìkan ṣì í ní ìparí, gbogbo wọn tún bẹ̀rẹ̀. Dírọ́ọ̀mù á máa ta sínú gbohùngbohùn trumpet, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè yọ ọ́ tó bá yá. Ibi tí kálukú dúró sí ni wọ́n fi ń ṣètò ohùn: kí ẹni tí tiẹ̀ ń pariwo sún sẹ́yìn, kí ìlù jìnnà sí fèrè.

Láàárín 1970 sí 1979, àwo ńlá ni Fela ń lò, orin kan ṣoṣo sì lè gba ojú kan tán. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ òsì Allen tó rí àyè.